Ta Ló Gé Ìparí Ìwé Dàpọ̀?

Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo

Ẹ kú ilé o, Yèyé mi. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ sì kú ojú lọ́nà ọmọ tí kò tètè wálé. Mo kí Bàbá Àgbà lórí àga wọn níwájú ilé. Mo kí Àǹtí Dúpẹ́ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Mo kí Tíṣà tó ń bá mi ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á sókè, ẹ má sì fo ibì kankan. Mo mọ̀ pé bí lẹ́tà mi bá ti dé, gbogbo agbolé ní í pé jọ, kò sì sí ohun tí mo fẹ́ fi pa mọ́ lónìí. Kódà, mo ti mú ẹ̀dà rẹ̀ kan lọ bá oníwèé ìròyìn kan níbí kó bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ̀sùn tí mo fi kan ọmọlọ́mọ ní gbangba, n kò lè tọrọ àforíjì rẹ̀ ní kọ̀rọ̀.

Ẹ ó rí i pé mò ń pè yín ní "ẹ̀yin". Òṣogbo ló kọ́ mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo sọ "ìwọ" fún bàbá onílé mi, bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé wa, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì yíjú wò mí bí ẹni pé mo gbá bàbá náà létí. Wọ́n ní ṣebí àwọn ti ń gbọ́ ọ pé àwa Ìjẹ̀ṣà kò mọ àgbà. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti rí ènìyàn méjì tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èmi ni mo rò pé wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Màá kọjá lára wọn, màá tún bojú wẹ̀yìn.

Iṣẹ́ ń lọ. Ọ́fíìsì ẹrù ni mo ṣì wà ní ibùdó rélùwéè. Iṣẹ́ mi ni kí n yẹ ẹrù wò kí n tó fọwọ́ sí i: ṣé okùn rẹ̀ kò tú, ṣé wọn kò já èdìdì rẹ̀, ṣé kò fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀gá mi ní kò sí ẹrù tí kò lè purọ́, àfi kéèyàn gbọ̀n ọ́n wò. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ mí, n kì í tètè gba ènìyàn gbọ́ láti kékeré. Iṣẹ́ yìí wá bu epo sí i. Ọyẹ́ ọdún yìí le, ètè mi ti là, eruku sì wà nínú ohun gbogbo títí kan gààrí. Owó díẹ̀ wà lọ́wọ́ Bọ̀dá Jìnádù awakọ̀ fún yín, ẹ fi ra kẹrosíìnì.

Bọ̀dá Jìnádù náà ló jíṣẹ́ yín fún mi. Wọ́n ní ẹ gbọ́ pé mo ti wọ ẹgbẹ́ kan, pé tọkùnrin tobìnrin ní í jókòó níbẹ̀ ní gbogbo Sátidé, wọ́n sì ní kò sẹ́ni tó mọ ohun tí a ń ṣe. Ẹ ní kí n sọ ta ni àwọn tí mo ń bá jókòó, àti ohun tí wọ́n ní kí n búra lé.

Yèyé mi, ìwé ìtàn ọmọdé là ń kà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé mo ti tó ẹni tó ń gbọ́mọ pọ̀n, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Àwa mẹ́fà ni. Tí mo bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́ lọ́sàn-án Sátidé, a ó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá onílé mi, aránfìlà ni bàbá náà, oníkálukú á sì mú ìwé tirẹ̀ wá. Délé, tó ń lọ sílé-ìwé girama, ló mú èyí tí àwọn ọmọ mẹ́ta fi ilẹ̀kùn ilé wọn kan ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tó ń sọ ọ́, ó dìde, ó mú ìgbálẹ̀, ó fi ń wa ọkọ̀ káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ó fi fẹsẹ̀ da omi wa nù. Èmi ni mo mú ti àwọn ọmọbìnrin méjì tí wọ́n wá aago ilé-ìwé wọn tó sọnù rí. Sìkírá, ọmọ bàbá onílé, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, òun ló máa ń gbèjà olè inú ìwé. Á ní ṣé ẹnikẹ́ni bi olè náà bóyá ó ti jẹun. Òfin kan ṣoṣo la ní: ẹni tó bá ti ka ìwé tán á sọ ọ́ dé ibi tó dùn jù, á wá panu mọ́, á ní ká lọ kà á. Nígbà mìíràn, mẹ́ta nínú wa á di ìwé kan náà mú lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní sí ẹni tó fẹ́ jù ú sílẹ̀. Bí kì í bá ṣe Sátidé wọ̀nyẹn ni, mi ò mọ bí ǹ bá ti ṣe nílùú yìí.

Àfi bí ìparí ìwé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù. Ìwé méjì ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí, ìwé Yorùbá ni méjèèjì. Ewé bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún ló lọ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe pé wọ́n ya á, bíléèdì ni wọ́n fi gé e, ó gún régé. Àwọn yòókù ní bóyá ìwé náà ti gbó. Èmi tí mò ń fojoojúmọ́ wo okùn ẹrù, ta ló fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?

Mo kọ́kọ́ fura sí Délé, nítorí ó fẹ́ràn kó jẹ́ òun nìkan ló mọ bí ìtàn ṣe parí. Mo tún wò ó pé ilé aránfìlà la wà, níbi tí bíléèdì àti àlùmọ́gàjí kún ilẹ̀, mo wá ń wo Sìkírá. N kò gbádùn ìtàn mọ́. Ọwọ́ wọn ni mò ń wò bí wọ́n ti ń ṣí ìwé. Ni mo bá dẹ pàkúté, ohun tí mo sì fi ṣe ìjẹ inú rẹ̀ ni mò ń kẹ́dùn di òní: ìwé Dàpọ̀ ni.

Ìwé tí wọ́n fi ta àbúrò mi lọ́rẹ nílé-ìwé, èyí tó ń gbé sábẹ́ ìrọ̀rí títí ọjọ́ tí a sin ín lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀yin lẹ mú un fún mi. Ìtàn ẹ̀gbọ́n lóbìnrin àti àbúrò rẹ̀ lọ́kùnrin ni, tí wọ́n wọ igbó lọ láti wá bàbá wọn. Ibà mú àbúrò náà lọ́nà, ó sì kú kí wọ́n tó dé afárá. Ní ojú ewé tó kẹ́yìn, Dàpọ̀ fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan kan síbẹ̀ lọ́jọ́ tó kà á tán. N kò kà á kọjá ikú ọmọ náà rí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, ìyẹn sì tó mi.

Mo fi fọ́nrán òwú funfun kan há ìdí àwọn ewé ìparí, bí ẹni fi èdìdì sí ẹrù. Mo yá Délé ní ìwé náà, òwú kò kúrò níbẹ̀. Mo yá Sìkírá. Nígbà tó dá a padà, òwú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ewé náà kò sí. Ẹni tó gé e rí òwú mi, ó sì dá a padà sáyè rẹ̀. Ìyẹn ló bí mi nínú jù.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo dìde lójú gbogbo wọn, mo pe Sìkírá lólè. Kò sẹ́, kò sì jẹ́wọ́. Ó ń wo fèrèsé yàrá tó wà lẹ́yìn mi ni, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀, mo sì rò pé ẹ̀bi ló mú un. Mo ní bó ti gé e yẹn, kò lè gé e kúrò lórí mi. Mo wá fi ohùn òkè sọ ìparí ìwé náà: bí ibà ṣe mú ọmọ náà, bó ṣe ń béèrè omi, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe gbé e sẹ́yìn títí tí kò fi wúwo mọ́ lójú rẹ̀, bí ó ṣe kú. Délé fà mí láṣọ, mo já ara mi gbà.

Ẹnìkan ju abọ́ sílẹ̀ nínú yàrá yẹn. Ràfátù, ìyàwó kékeré bàbá onílé, jáde sí wa. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ, ó sì ti bí ọmọ méjì ṣáájú tí kò sí èyí tó dúró. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ó wò mí, ó ní:

"Ṣé ọmọ náà kú ni?"

Ìyálé rẹ̀, ìyá Sìkírá, ti dé láti ẹ̀yìnkùlé, ó sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò pariwo rárá. Ó fa Ràfátù mọ́ra, ó yíjú sí mi.

"Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ṣé wọn kì í lóyún nílùú yín ni?"

Ojú tì mí, Yèyé mi, ilẹ̀ ìbá lanu ǹ bá wọlé. Nítorí mo rántí ọjọ́ tí oyún Dàpọ̀ wà nínú yín, tí mo dé láti ilé-ìwé tí mò ń sọ ìtàn ọmọ tó já sínú kànga. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ tó ní epo bò mí lẹ́nu, wọ́n tì mí síta, wọ́n ní a kì í sọ irú rẹ̀ létí aboyún. Mo mọ ọ́n láti kékeré. Olè tí mò ń wá ni kò jẹ́ kí n rántí.

Sìkírá ló ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà. Ọ̀sán ọ̀sán ló ń kàwé sí Ràfátù létí bí ìyẹn ti ń rán fìlà. Ràfátù náà ń lọ sílé-ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà, ó ti ń lè to ọ̀rọ̀ pọ̀, ìwà rẹ̀ sì ni pé ojú ewé tó kẹ́yìn ló máa ń kọ́kọ́ ṣí wò. Nítorí náà, ìwé tí ọmọ bá ti kú ní ìparí rẹ̀, Sìkírá á gé e kúrò, á wá fi orí ara rẹ̀ ro ìparí mìíràn tí ọmọ náà á ti padà sílé. Kò sọ fún wa, nítorí ó ní bí ẹnu mẹ́fà bá mọ̀ ọ́n, etí Ràfátù á gbọ́. Ó fẹ́ fi abẹ́rẹ́ rán àwọn ewé náà padà bí Ràfátù bá ti sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Ó mú àpótí páànù kan jáde: gbogbo ewé náà wà níbẹ̀, ó so ti ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nílé wọn, wọn kì í da ewé tí a kọ nǹkan sí sórí ààtàn. Mo gba ti Dàpọ̀, mo dì í mọ́ àyà, n kò lè wò ó.

Ràfátù ti lọ sílé ìyá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo bẹ bàbá onílé, wọ́n ní kò sí nǹkan. Mo bẹ ìyálé, ó ní Ọlọ́run Allah nìkan ló mọ̀. Àràárọ̀ ni mò ń wo ojú wọn bí wọ́n bá ń kí mi, bóyá ìròyìn burúkú kan ni wọ́n ń fi pa mọ́ fún mi. Sìkírá ṣì ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo tún ń fura sí ìyẹn náà.

Lánàá, ó dé láti ọ̀dọ̀ Ràfátù. Ó ní ara rẹ̀ le, ọmọ sì ń yí nínú. Ó ní Ràfátù rán an sí mi pé lọ́jọ́ tí òun bá bímọ, èmi gan-an ni kí n wá ka ìwé náà fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ni. Sìkírá ní rárá, ohun kan ló ń jẹ obìnrin náà lọ́kàn láti ọjọ́ yẹn: ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n ọmọ náà padà sílé.

N kò mọ̀ ọ́n, Yèyé mi. Èmi tí mo ní wọn kò lè gé e kúrò lórí mi, ibi tí ọmọ náà kú sí ni mo há sórí. Ni mo bá mú àwọn ewé náà, mo kà á. Ẹ̀gbọ́n náà padà sílé. Ọjọ́ pẹ́ kó tó padà, nítorí ó rò pé bí ìyá rẹ̀ bá rí i, àbúrò rẹ̀ ni yóò máa rí. Ó bá ìyá náà níwájú ilé, tó bo oúnjẹ sílẹ̀ dè é. Lábẹ́ ìlà tó kẹ́yìn ni ọwọ́ Dàpọ̀ wà, ó wọ́ bí ó ṣe máa ń wọ́: "Mo kà á tán. Mo sunkún. Ṣùgbọ́n inú mi dùn pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ délé."

Òṣogbo sí Iléṣà kò jìnnà. Mo ti fi iṣẹ́ ṣe àwáwí, mo tún fi bí ìjọba ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ọkọ̀ kúrò lápá òsì, kó máa gba apá ọ̀tún, ṣe àwáwí. Irọ́ ni. Èmi náà ń fura sí ojú yín ni, ẹ̀yin tí ẹ kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹ béèrè ta ni àwọn tí mo ń bá jókòó. Ọmọ ire ni wọ́n. Àwọn ló yẹ kí wọ́n béèrè ta ni èmi.

Sìkírá, mo tọrọ àforíjì níwájú gbogbo ayé. Yèyé mi, ẹ bá mi fi ẹnu ìyá yín súre fún Ràfátù, kí a gbóhùn ìyá, kí a gbóhùn ọmọ. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ojú yín kò ní rí ibi mọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo agbolé, ẹ kí Tíṣà kó gbẹ́nu sinmi. Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ọkọ̀ Bọ̀dá Jìnádù ni mo máa wọ̀. Ẹ bo iyán sílẹ̀ dè mí.

Èmi ni ọmọ yín, ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀,
Bọ́látitó