Ta Ló Lé Yín Gun Òkè?

Òkè-Bùkún,
Oṣù Kọkànlá, 1956.

Bíọ́lá ọmọ mi,

Okun o. Mo kí ọ okun ìwé kíkà, mo kí ọ okun àìfojúrinjú. Ṣé ara rẹ le? Ọlọ́run tó mú ọ jókòó láàárín àwọn ọmọ ènìyàn ní Ìlọrin kò ní jẹ́ kí o dìde lófo, ìwé tí o ń kà kò sì ní já sí omi inú agbọ̀n. Àwa náà wà láàyè, ìyá rẹ kí ọ, ọkà bàbà ti ń gbó, ẹyẹ kò sì jẹ́ ká sinmi. Ewúrẹ́ rẹ bí méjì. Akọ ni ọ̀kan, ó sì lágídí tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá rẹ fi ń fi orúkọ mi pè é.

Ṣùgbọ́n kí n tó sọ̀rọ̀ dé ibòmíràn, gbọ́ èyí ná. Bí Ìbítóyè àbúrò mi bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ, má tẹ̀lé e wálé o. Má jẹ́ kó gbé àpótí rẹ. Àdá wà nínú ẹní tó ká dání, sọ fún un pé kó má tú u, nítorí kò sí ogun. Èmi ni mo rán an, èmi náà ni mo tún ń bẹ̀ ọ́ pé kí o má gbọ́ tirẹ̀. Sùlèímánì tó ń wa ọkọ̀ epo lọ sí Ìlọrin ni mo fi lẹ́tà yìí rán, nítorí ọkọ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ lọ́nà, bóyá yóò ṣáájú Ìbítóyè. Jẹ́ kí n ro ẹjọ́ ara mi fún ọ, kí o lè mọ irú bàbá tí o ní.

Ọjọ́ ọjà Kábà ni lẹ́tà rẹ tẹ̀ wá lọ́wọ́. O mọ̀ pé Benjamin, tíṣà wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló máa ń bá wa ka lẹ́tà rẹ, ṣùgbọ́n ó ti lọ kí àwọn àna rẹ̀ ní Ẹ̀júkù. Èmi náà wá rò ó pé ẹni tó ka Ìwé Kìíní tán, tó sì dé ìdajì Ìwé Kejì kí iṣẹ́ oko tó gbà á, kò yẹ kó máa dúró de ẹnikẹ́ni. Mo pe gbogbo agbo ilé jọ, mo wọ aṣọ ọjọ́ Ìsinmi, mo wá fi awò ojú tí mo rà lọ́jà sójú, èyí tí n kò fi rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó yẹ mí.

Ibi tí o ti kọ ọ́ pé bó bá di Àbámẹ́ta, ẹ̀yin ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì a máa lọ wo ọkọ̀ ojú irin, mo kà á dáadáa. Wọ́n bi mí pé ibo ni ọkọ̀ náà ń gbé yín lọ, mo ní kò gbé yín lọ síbì kankan, ẹ kàn ń wò ó ni, ẹ ó sì padà. Mo kà á pé ẹ ń lọ jókòó létí odò Asà, ẹ kò gbé ìkòkò, ẹ kò sì mú ìwọ̀ ẹja dání. Àwọn àgbà ń wo ara wọn. Ti sinimá, mo ṣàlàyé pé aṣọ funfun ni wọ́n ń ta sára ògiri kí gbogbo ìlú wá wò ó bóyá ó mọ́. Wọ́n ní ìyẹn dára, pé wọ́n ń kọ́ yín ní ìmọ́tótó.

Ìgbà tí mo dé ibi òkè ni nǹkan bàjẹ́. O ní gbogbo yín sáré gun òkè Ṣóbì, ẹ gbé oúnjẹ, ẹ gbé ẹní, ẹ gbé tíì gbígbóná sínú fúláàsì, ẹ sì wà níbẹ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀, pé píkíníkì ni.

Bíọ́lá, ìwọ náà mọ ilé tí o ti wá. Ní ilẹ̀ Bùnù yìí, kò sẹ́ni tó gbé oúnjẹ àti ẹní sáré gun òkè rí, àfi ẹni tí ogun ń lé. Nígbà ogun Tápà, tí ìyá mi wà lọ́mọdé, orí òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa yìí ni wọ́n sá sí. Bí mo ṣe kà á tán, àwọn àgbà dìde dúró. Ọmọ́níyì, tó dàgbà jù nínú agbo ilé wa, ló bèèrè pé ta ló lé wọn? Mo wo lẹ́tà náà lọ, mo wò ó bọ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kò yé mi níbẹ̀, mo bá dáhùn pé Píkíníkì ni.

Ibi tó yẹ kí n ti dákẹ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ṣé èmi náà ni mo ń dákẹ́? Mo fa fọ́tò tí o fi sínú lẹ́tà jáde. Ẹ̀yin ọmọ jókòó sílẹ̀, ẹ há mọ́ ara yín, òyìnbó kan sì dúró lẹ́yìn yín tòun ti ọ̀pá. Mo ní Píkíníkì gan-an nìyí, ó ti kó wọn. Ìyá rẹ káwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún. Èmi náà ń sunkún, omi kún inú awò ojú, síbẹ̀ n kò dẹ́kun àlàyé. Ká sòótọ́, ẹ̀rù bà mí gidi gan-an ni. Ìwọ nìkan ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún wa. Mo ní ìwé tó bá máa gba ọmọ lọ́wọ́ mi, kí ìwé náà máa lọ. A fẹnu kò pé o ti kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nìyẹn, Ìbítóyè sì gba ọ̀nà Kábà lọ wá ọkọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá mi ní kí n gbé fọ́tò náà wá sínú oòrùn. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó bi mí pé ṣé eyín ọmọ yìí ni òun ń wò. Mo ní eyín ni. Ó ní ti èyí ńkọ́, mo ní eyín ni. Ó ní òyìnbó náà ńkọ́? Mo bọ́ awò ojú kúrò kí n lè ríran, ẹ̀rín tirẹ̀ ló tiẹ̀ fẹ̀ jù. Ìyá mi ní láti kékeré ni èmi Lájídé ọmọ òun ti gọ̀. Ó ní ẹni tí wọ́n lé gun òkè kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́jọ́ tí òun wà lórí òkè, ọwọ́ ni ìyá òun fi bo òun lẹ́nu kí òun má baà ké kí ogun gbọ́, pé òórùn ọwọ́ náà kò tíì kúrò nímú òun dòní.

Benjamin dé lọ́sàn-án, ó ní píkíníkì kì í ṣe ènìyàn, pé kéèyàn gbé oúnjẹ lọ jẹ níta gbangba fún ìgbádùn ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí mo ti gbé ọkọ́ ni mo ti ń ṣe píkíníkì lóko, ẹnikẹ́ni kò sì ya fọ́tò mi.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí. Ìyá mi ní kò tíì parí. Ó ní ṣé lóòótọ́ ni àwọn èèyàn ń gun òkè láìsí ẹni tó ń lé wọn, Benjamin ní lóòótọ́ ni. Ó ní kí wọ́n sun iṣu, kí wọ́n ká ẹní, òun náà ń lọ. A bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Ìyá mi tó ń fi ọ̀pá rìn dé ẹ̀yìnkùlé, ó gun òkè yẹn, ó ń sinmi, ó ń gùn ún. Ìyá rẹ di apá rẹ̀ kan mú, Benjamin di ìkejì. Èmi ni wọ́n ní kí n gbé iṣu, èmi náà ni mo dé gbẹ̀yìn, mo ń mí gúlegúle bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, wọ́n sì ti jókòó sí gbogbo ibi tó ní ibòòji.

A jẹun. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó kàn nínú píkíníkì, a kàn ń wo ara wa. Ìgbà náà ni ìyá mi dìde. Ó kọjú sí ìlú nísàlẹ̀, ó la ẹnu, ó fi gbogbo ohùn tó kù fún un ké pé okun o! Ó pẹ́ díẹ̀, àwọn èèyàn dáhùn láti ìsàlẹ̀, okun o! Ó tún ké, wọ́n tún dáhùn. N kò mọ iye ìgbà. Oòrùn ń wọ̀, ìyá mi kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

Nítorí náà, bí Ìbítóyè bá dé, má lé e padà lójú ẹsẹ̀. Gba àdá lọ́wọ́ rẹ̀, kí o mú un gun òkè Ṣóbì, kí wọ́n ya òun náà ní fọ́tò, kó sì fi eyín hàn dáadáa. Ìwé rẹ ni kí o máa kà lọ. Bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ra fúláàsì kan fún mi, ṣùgbọ́n bá mi bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń ki iná bọ̀ lára rẹ̀, kí n lè máa kó eérú rẹ̀. Bí ó bá ṣẹ́ kù, fi ra awò ojú tó ń ríran fún mi. Ìyá mi kò tọrọ owó ní tirẹ̀. Ó ní bí ẹ bá gba ìsinmi, kí o kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wá, kí ẹ wá bá òun pariwo lórí òkè.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ. Ibi gíga ni wàá máa gùn, ọmọ mi, ohunkóhun kò sì ní lé ọ débẹ̀. Okun o.

Èmi ni bàbá rẹ,
Lájídé, tó ka Ìwé Kìíní tán.