Àwọn Àyè Tí Mo Fi Sílẹ̀ Nínú Lẹ́tà Àna Wa

Ìwárá,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn òjò.

Kíkẹ́ mi, Àṣàkẹ́, ọmọ tí a bí lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ mi wọlé,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé ní Trans-Amadi, ṣé bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ yín ṣì ń gbé ọ dé ilé rẹ ní Mgbuoba kí ilẹ̀ tó ṣú? Olúwa tí kò jẹ́ kí abẹ́rẹ́ sọnù mọ́ mi lọ́wọ́ láti ìgbà tí mo ti ń ránṣọ, kò ní jẹ́ kí o sọnù mọ́ wa lọ́wọ́. Àwọn àbúrò rẹ, Tèmiolúwa àti Ìtẹ́olúwa, kí ọ. Ìyá rẹ náà kí ọ, ṣùgbọ́n kò kí èmi. Ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, akọ kan, abo kan, ẹnikẹ́ni nínú ilé kò sì yọ̀ mọ́ ọn nítorí ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, awakọ̀ ni mo sì fi rán sí ọ, torí pé láti ọjọ́ tí o ti pè ni ìtìjú kò ti jẹ́ kí n fọwọ́ kan fóònù tí o rà fún mi, àfi lánàá. Ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ ni mo gbé e sí, mo da aṣọ oníbàárà bò ó, kí ojú èmi àti òun má baà ṣe mẹ́rin.

Ohun tí o sọ lọ́jọ́ náà kò kúrò létí mi. O ní ẹ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ilé àwọn Dagogo àfẹ́sọ́nà rẹ ní Old GRA, pé lójú àlejò ni Boma àbúrò rẹ̀ ti ka lẹ́tà mi sókè, tí ó ní abeg, ṣé for una place na form dem dey sell make person marry, pé ẹni tí ó bá ti kọ orúkọ sí i ni yóò gbé ìyàwó lọ. O ní ìyá Dagogo kàn dé ìkòkò ọbẹ̀ tí ó ń bù fún ọ lọ́wọ́, ó sì jókòó. O ní Dagogo sìn ọ́ dé géètì, ó ní ìdílé òun kò ní wá sí Ìwárá mọ́. Lẹ́yìn náà ni o ní mo ti dójú tì ọ́, ni fóònù bá dákẹ́. Mo sọ fún ìyá rẹ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ó ní kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ọmọ mi, jẹ́ kí n tò ó fún ọ bí mo ti ń tò ó fún ọmọṣẹ́, láti ọrùn dé ìṣẹ́tí, kí o lè rí ibi tí mo ti gé e sódì.

Nígbà tí o wálé lọ́dún Àjíǹde tí o fi lẹ́tà inú ímeèlì yẹn hàn mí, tí o ní témpléètì ni wọ́n ń pè é, ojú ẹsẹ̀ ni ó yé mi. Bátànì ni. Bátànì agbádá tí mo gé lọ́jọ́ tí ọ̀gá mi fún mi ní ìdáǹdè lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ṣì wà lára ògiri, mo ti fi rán aṣọ fún ọkọ ìyàwó tí ó ti di bàbá àgbà báyìí. O ní o ti kọ lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo ìgbà, pé a ó fi dá àwọn ará ilé Dagogo tí wọ́n ń tọrọ rẹ lóhùn, tí ó bá kan Tèmiolúwa a ó tún un lò, tí ó bá kan Ìtẹ́olúwa a ó tún un lò. O ní ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ń yí padà, o ti ṣe àpótí kékeré síbẹ̀, tí ènìyàn bá fọwọ́ kàn án yóò là fún un láti kọ nǹkan, ìyókù lẹ́tà sì wà ní títì, n kò lè bà á jẹ́. Inú mi dùn. Mo sọ ọ́ ní ìpàdé àwa télọ̀, mo ní ọmọ mi ti ṣe bátànì lẹ́tà.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan lẹ́yìn náà, mo wẹ̀, mo dé fìlà, mo jókòó ti lẹ́tà náà. Àpótí àkọ́kọ́ ń bèèrè orúkọ bàbá Dagogo. Kíkẹ́, ta ni ó bí mi tí n ó máa pe àna mi lórúkọ gbánsasa? Ìyá rẹ tí ó ti pẹ́ tó báyìí nílé yìí, Akọ̀wé ni ó ń pe àbúrò mi tí ó kéré jù, kò jẹ́ pe orúkọ rẹ̀. Mo bá fi àyè náà sílẹ̀ fún ọ̀wọ̀. Mo rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí kò hàn dáadáa nínú rẹ̀, tí ó ní kí a kọ orúkọ síbí, ṣùgbọ́n bí ó ti ṣá yẹn, mo rò pé ṣọ́ọ̀kì télọ̀ ni, tí yóò gbọ̀n dànù lójú ọ̀nà kí ó tó dé Port Harcourt.

Àpótí kejì ń bèèrè orúkọ tìrẹ, ẹ̀kẹta ń bèèrè ti Dagogo. Bẹ́ẹ̀, níwájú gbogbo ẹbí ni a ti ń bi ọmọbìnrin bóyá ó fẹ́, ẹnu ara rẹ̀ ni ó sì fi ń dáhùn. Kò tọ́ kí n gba ọ̀rọ̀ náà sọ lẹ́nu yín, mo fi í sílẹ̀ fún yín. Òmíràn ń bèèrè iye ènìyàn tí àwọn àna wa yóò mú bọ̀. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Mo fi ìyẹn náà sílẹ̀.

Èyí tí ó pa mí ni àpótí ìkẹyìn, èyí tí ó jẹ́ pé tí a bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ á yọ jáde lábẹ́ rẹ̀ bí òròmọdìyẹ lábẹ́ ìyá wọn. Méjì ni ó yọ: a gbà, àti a kò tí ì gbà. Mo tẹ a kò tí ì gbà, mo sì tẹ lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí wọn. Kì í ṣe pé mo kórìíra Dagogo, ọmọ dáadáa ni. Nígbà tí mo lọ tọrọ ìyá rẹ, àwọn bàbá rẹ̀ ní àwọn kò mọ̀ wá rí, wọ́n ní bóyá a ṣìnà, wọ́n lé wa síta, a tún bẹ̀ wọlé, gbogbo wa sì ń rẹ́rìn-ín. Ìdílé tí ó bá sáré gbà, a ó ní ọmọ wọn ti sú wọn. Mo rò pé wọn yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò dá lẹ́tà padà pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀, torí o ní a lè tún un lò, èmi yóò sì wá tẹ a gbà. Mo ń retí rẹ̀ bí bátànì tí a yá ẹni. N kò mọ̀ pé fóònù kò bá mi gbé ẹ̀rín tí ó wà lẹ́nu mi lọ.

Láti ìgbà náà ni ojú ti ń tì mí. Ìyá rẹ ní ọkùnrin tí ó ń fojú lásán wọn ọrùn aláṣọ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. N kò lọ sí ìpàdé télọ̀ mọ́. Adéwọlé alága wa wá bá mi nílé, ó ní kí n yá òun ní bátànì lẹ́tà yẹn, pé wọ́n ń tọrọ ọmọ òun. Mo ní kò tí ì padà dé.

Lánàá, mo hú fóònù jáde. Mo ní kí ìyá rẹ bọ́ síta, mo tilẹ̀kùn, mo ṣí fìlà, mo kọ orúkọ bàbá Dagogo ní ẹyọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, òógùn sì bò mí bí ẹni tí ó jí nǹkan. Mo kọ orúkọ rẹ àti ti Dagogo. Níbi iye ènìyàn, mo kọ gbogbo yín, àpótí náà kọ̀ ọ́, ó ní nọ́ńbà nìkan ni òun fẹ́, ìyẹn ni mo fi sílẹ̀ fún ọ, ìwọ tí o gbé ìlú ńlá lè ka ènìyàn. Mo tẹ a gbà. N kò tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí wọn o, ìwọ ni mo fi ṣọwọ́ sí. Yẹ̀ ẹ́ wò, tí ó bá gún, kí o rán an.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àna kò ṣeé fi fóònù nìkan lẹ̀. Mo ń bọ̀ ní Old GRA. Ọkọ ìyàwó ni ó máa ń dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ìyàwó, lọ́tẹ̀ yìí bàbá ìyàwó ni yóò dọ̀bálẹ̀, kí Boma náà wà níbẹ̀ kí ó wò mí. Ojú ń tì mí láti tọrọ owó lọ́wọ́ ẹni tí mo dójú tì, ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, àti díẹ̀ tí n ó fi ra iṣu tí n kò fi ní wọ ilé wọn lọ́wọ́ òfo.

Ọmọ mi, ilé ọkọ rẹ kò ní lé ọ. Ìkòkò tí wọ́n dé nítorí tèmi, wọn yóò ṣí i nítorí tìrẹ. Kí Olúwa fún ọ ní ............................ Mo mọ̀ pé àyè wà níbẹ̀, n kò gbàgbé. Ohun tí ọkàn rẹ ń fẹ́ ni kí o kọ sí i. Èmi ti ṣe àmín sí i ṣáájú.

Bàbá rẹ tí ojú ń tì,
Adétúnjí Télọ̀.