Ọmọ Oníbúrẹ́dì Tí Kò Fẹ́ Jẹun

Àkọ́bí mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo tún kí ayálégbé tó wà lókè yín tí o ní ó máa ń fi bàtà rìn lórí yín. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ ní ìlú ńlá yẹn, ibi tí wọ́n bá ti ń pín oore, wọn ò ní wá ọ tì. Tí o kò bá tíì ṣe àmín, dúró kí o ṣe é kí o tó ka ìyókù.

Bàbá yín ń kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ṣì ń dùn ún, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé àpò ìyẹ̀fun. Ààrò wa sán ní ẹ̀gbẹ́ kan, birikilà tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa ló bá wa fi amọ̀ dí i, búrẹ́dì sì ti ń jáde dáadáa padà, àfi pé ti apá òsì máa ń dúdú díẹ̀. Àwọn oníbàárà ní èyí tó dúdú yẹn làwọn fẹ́ràn jù, nítorí náà mo ti fi owó lé e.

Ó yá, kí n sọ ìdí tí mo fi mú bírò. Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ ọkùnrin ni. O ti bi mí títí pé kí ló dé tí kì í gbé fóònù rẹ, mo sì ń sọ pé ìwé ló ń kà. Ó ń kàwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé nìkan kọ́. Ara rẹ̀ ni ò yá. Ó ti ń yá báyìí, ìdí nìyẹn tí mo fi lè kọ ọ́ sílẹ̀. Fara balẹ̀ kí o gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

O mọ̀ pé ó fẹ́ràn eré sísá, Ẹtu ni àwọn ọmọ iléèwé wọn ń pè é. Olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní eré ìdárayá sọ fún un pé bí ó bá lè fúyẹ́ sí i díẹ̀, kò sẹ́ni tó máa lè bá a. Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé wálé bí ẹni gbé ẹrù. Ó kọ́kọ́ ní òun ò jẹ búrẹ́dì mọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọmọ oníbúrẹ́dì tí kò jẹ búrẹ́dì, ó dà bí ọmọ apẹja tó ń sá fún omi. Ó tún ní òun ò jẹ ẹran, ó ní òun ò jẹ ohun tó ní òróró nínú, ó ní alẹ́ kì í ṣe àsìkò oúnjẹ, ó ní òwúrọ̀ náà kì í ṣe àsìkò oúnjẹ, mo wá ń rò ó pé ìgbà wo gan-an ló kù. Ṣùgbọ́n abọ́ tí mo bá bu oúnjẹ sí, òfìfo ló máa ń padà, inú mi sì máa ń dùn. Mi ò mọ̀ pé ajá birikilà ló ń jẹ ẹ́. Birikilà fúnra rẹ̀ ló wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní ajá òun ti sanra débi pé kò lè gbó mọ́, ńṣe ló kàn ń mí.

Bàbá yín ní agídí ni, pé ebi á kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń jí ṣáájú àkùkọ kó lè lọ sáré, tó ń sáré nínú òjò, tó ń wọ súwẹ́tà nínú oòrùn nítorí òtútù ń mú un! Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Bí a bá ní kó jókòó, yóò dúró. Ìgbà tó ṣe, wọ́n ránṣẹ́ sí wa láti iléèwé pé ó ṣubú lórí pápá, kò sì mọ ibi tó wà.

A gbé e lọ sí ilé ìlera. Obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì gbé e gorí òṣùwọ̀n, ó wo nọ́ńbà, ó wo ìwé kan tó lẹ̀ mọ́ ògiri, ó ní kò tíì rù tó. Mo ní kí lẹ wí? Ó ní nọ́ńbà rẹ̀ kò tíì wálẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń gba ènìyàn, kí a máa mú un lọ, bó bá tún rù sí i kí a padà wá. Ó ní àwọn ọmọbìnrin ni irú èyí sábà máa ń ṣe, kì í ṣe ọkùnrin. Mo bi í pé bí ilé bá ń jó, ṣé wọ́n máa ń dúró kí iná dé òrùlé kí wọ́n tó bu omi ni? Ó ní òun kọ́ ló ṣe òfin. Kò sì purọ́, ojú rẹ̀ fi hàn pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bí a ṣe ń lọ sílé, ó ní, Màmá, ṣé ẹ gbọ́, wọ́n ní mi ò tíì rù tó. Bí ẹni tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò ló ṣe sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, wàrà tó ṣì máa ń mu tẹ́lẹ̀, kò fẹnu kàn án mọ́.

Wọ́n fún wa ní nọ́ńbà fóònù ilé ìwòsàn ńlá, ẹ̀ka tó wà fún àwọn ọ̀dọ́ tí ọkàn wọn ò balẹ̀. Mo pè é. Obìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ tutù. Mo kí i, kò dáhùn. Mo bèèrè àwọn ará ilé rẹ̀, ó ní kí n tẹ ení. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ rojọ́, mo ro gbogbo rẹ̀ láti orí búrẹ́dì dé orí ajá, kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, mo ní nínú ara mi pé ọmọlúàbí lèyí. Nígbà tí mo parí, ó tún ní kí n tẹ ení. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ní kí n ní sùúrù, ó sì gbé orin sí i fún mi. Nígbà tí mo tún pè, òun náà ló tún gbé e, kò sì rántí mi rárá! Birikilà ní kì í ṣe ènìyàn, pé ẹ̀rọ ni. Mi ò gbà. Ẹ̀rọ wo ló máa sọ fún èèyàn pé pípè tí o pè wá ṣe pàtàkì sí wa? Ìgbà tí ẹlòmíì wá dá mi lóhùn, ó ní àwọn tó wà níwájú wa pọ̀, pé ó máa tó oṣù mélòó kan kó tó kàn wá. Mo wo àbúrò rẹ. Mo mọ̀ pé kò ní oṣù mélòó kan lára.

Ẹni tó yọ wá ni nọ́ọ̀sì iléèwé wọn, obìnrin kúkúrú kan tí àwọn ọmọ ń pè ní Àǹtí Onígíláàsì. Ó wá sílé wa, kò gbé òṣùwọ̀n dání. Orí àpò ìyẹ̀fun ló jókòó sí nítorí páànù búrẹ́dì ti gba gbogbo àga, ó wo àbúrò rẹ, ó ní báwo ni nǹkan ṣe rí fún ọ nínú lọ́hùn-ún. Àbúrò rẹ bú sẹ́kún. Ó ní bí òun bá ti jẹun, ńṣe ni nǹkan kan nínú òun á máa bú òun títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bàbá yín tó ń po ìyẹ̀fun dáwọ́ dúró. Ó ní kò sí wèrè nínú ìran tòun o. Nọ́ọ̀sì ní ẹnikẹ́ni ò pe ẹnikẹ́ni ní wèrè, pé bí orúnkún ṣe lè ṣàárẹ̀ ni ọkàn náà lè ṣàárẹ̀. Bàbá yín wo orúnkún ara rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí yàrá kan lẹ́yìn ilé ìkàwé fún àwọn ọ̀dọ́, wọ́n ṣì ń dán an wò ni, ṣùgbọ́n wọn kì í dá ẹnikẹ́ni padà níbẹ̀. Yàrá náà kò tóbi ju ilé ìdáná wa lọ, àga tìmùtìmù mélòó kan àti fèrèsé tó kọjú sí ibi tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ sí. Dókítà fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀, inú fóònù ló ń gbé. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó ní òun ò rí mi mọ́, pé àjà ilé nìkan lòun ń rí. Wọ́n ní a ó máa rí i láti ilé wa náà. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ pààrọ̀ aṣọ, màá kọ́kọ́ da aṣọ bo fóònù, nítorí ẹni tó mọ ọ̀nà wọlé láìkan ilẹ̀kùn, ta ló mọ ìgbà tó máa ń jáde?

Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù kan, ó ní láti òdo dé mẹ́wàá, báwo ni ìbànújẹ́ rẹ ṣe pọ̀ tó. Mo sọ fún àbúrò rẹ pé nínú ìdílé wa a kì í gba òdo, mo gba bírò, mo kọ mẹ́wàá fún un. Ojú nọ́ọ̀sì yí padà, ó sáré pe dókítà. Ìgbà tí mo ṣàlàyé pé máàkì ni mò ń wá fún ọmọ, àbúrò rẹ rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi, ó rẹ́rìn-ín! Ó pa tèmi rẹ́, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ méje. Dókítà ní méje tó jẹ́ òótọ́ lòun lè fi ṣiṣẹ́.

Ó ní oúnjẹ ni oògùn rẹ̀, èmi àti bàbá yín ló máa máa fún un, kí a jókòó tì í títí yóò fi jẹ ẹ́ tán, kí a má pariwo, kí a má fi ẹ̀gún sọ̀rọ̀. Ó ní kí a má bínú sí ọmọ, pé àìsàn ló ń gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èyí yé mi dáadáa. Bí àbúrò rẹ bá ti kígbe pé òun ò jẹ, màá wo ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀, màá ní, Ìwọ Àìsàn, ìwọ kọ́ ni mo gbé oúnjẹ fún, dákẹ́ kí ọmọ mi dáhùn. Dókítà ní bí òun ṣe sọ ọ́ gan-an kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n kí n máa bá a lọ.

Kò rọrùn o. Ó da ẹ̀wà sílẹ̀, ó fi ẹyin pamọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀, ó ní mo kórìíra òun. Oúnjẹ á tutù, màá gbé e kaná, á tún tutù. Bàbá yín jáde síta, mo rò pé inú ló bí i, omijé ló lọ nù. Ó padà wọlé, ó bu tirẹ̀, ó jókòó kọjú sí i, ó ní, Ẹtu, jẹ ẹnu kan, kí n jẹ ẹnu kan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é títí di òní nìyẹn. Bàbá yín ò lè di bẹ́lítì rẹ̀ mọ́, ó ní nítorí ọmọ òun ni, ṣùgbọ́n mo máa ń rí i tó ń jẹun nígbà tí ọmọ bá wà níléèwé. Ẹ̀ẹ̀kan wà tí àbúrò rẹ yọ́ lọ sáré, ó tún ṣubú, wọ́n dá a dúró ní wọ́ọ̀dù nítorí ọkàn rẹ̀ ń lù jẹ́jẹ́ jù. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbàgbé odindi búrẹ́dì ọjọ́ kan sínú ààrò. Ọlọ́run kó o yọ.

Ó jáde tán ni ìwé ìpè dé, pé àwọn ọ̀gá ètò ìlera fẹ́ mọ̀ bóyá kí wọ́n fi yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé sílẹ̀ tàbí kí wọ́n tì í pa, àti bí ìtọ́jú àwọn ọ̀dọ́ ṣe lè dára sí i. Mo rò pé ilé ẹjọ́ ni. Mo wọ aṣọ mi tó dára jù, mo gbé búrẹ́dì dání tí màá fi tu adájọ́ nínú. Kò sí adájọ́, tábìlì gígùn ni àti ẹ̀rọ kan tó ń fi iná kọ̀wé sára ògiri. Mo gba iwájú rẹ̀ kọjá, gbogbo nọ́ńbà náà bọ́ sára aṣọ mi, mo ń gbọ̀n wọ́n dànù, wọn ò lọ.

Mo sọ tèmi, ó gùn. Àbúrò rẹ wá dìde. Èmi kọ́ ni mo rán an. Kò gbóhùn sókè, ó ní, Ibi gbogbo tí mo dé ni wọ́n ti wọ̀n mí, ẹnì kan ṣoṣo ló bi mí léèrè. Ó ní bí ẹ bá ní kí ẹni tí irú èyí ń ṣe lọ rù wá, á lọ rù wá, ohun tí àìsàn náà fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Ó jókòó. Obìnrin ilé ìlera tó dá wa padà wà níbẹ̀, òun ló kọ́kọ́ nawọ́, ó ní òun fẹ́ kí wọ́n yọ ìwé yẹn kúrò lára ògiri, pé àwọn ọmọ tí òun ti dá padà ju ọ̀kan lọ, òun ò sì mọ ibi tí gbogbo wọn wà.

Wọn ò ṣe gbogbo ohun tí a béèrè. Ìlà ilé ìwòsàn ńlá ṣì gùn. Ṣùgbọ́n wọn ò ti yàrá náà, wọ́n ti ń ṣí i lẹ́yìn iléèwé kí àwọn ọmọ má baà pàdánù ẹ̀kọ́, wọ́n ti yọ ìwé náà, ọ̀dọ́ tó bá sì gbé irú ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ìlera, wọn á pe nọ́ọ̀sì kó tó dìde lórí àga. Olùkọ́ eré ìdárayá náà ti wá bẹ̀ wá. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lè wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Ó ku ti owó. Dókítà inú fóònù yìí kì í wá láìjẹ dátà, ó sì ń jẹun ju bàbá yín lọ, nítorí náà fi nǹkan ránṣẹ́ fún un, kí o fi owó ọkọ̀ kún un. Jọ̀ọ́, má fi sí báǹkì. Èyí tó o fi síbẹ̀ níjelòó, mo dúró níwájú ẹ̀rọ wọn, ó bi mí bóyá mo fẹ́ rìsíìtì, mo ní rárá o, owó ni mo fẹ́, ló bá pọ káàdì mi jáde bí ẹni tí mo bú. Ẹni tó ń bọ̀ ni kí o fi rán.

Tí o bá sì wálé, má sọ fún àbúrò rẹ pé ó ti sanra, má sì sọ pé ó ti rù. Mo mọ̀ pé bí a ṣe ń kí ara wa nìyẹn, ṣùgbọ́n dókítà ní kí a fi ara ọmọ sílẹ̀ nínú ìkíni. Bi í nípa ìwé rẹ̀, bi í nípa àwòrán tó ń yà. Kí o sì jókòó bá a jẹun, má wo abọ́ rẹ̀, tìrẹ ni kí o máa wò.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ, á ṣọ́ ọkọ rẹ, àwọn ọmọ rẹ á jẹ, wọn á yó, wọn á sì rí ẹni bi wọ́n léèrè ohun tó ń

Má bínú pé mi ò parí àdúrà yẹn. Àbúrò rẹ ló ti iléèwé dé, ó yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ebi ń pa òun. Mo ní kó tún un sọ. Ó ní, Màmá, ebi ń pa mí, kí ló wà nílẹ̀? Bàbá yín ti dìde lórí àga, orúnkún tó ń dùn ún kò rántí dùn ún. Parí àdúrà náà fúnra rẹ, kí o ṣe àmín sí i. Mo ń lọ sí ilé ìdáná.

Èmi ni,
Ìyá rẹ oníbúrẹ́dì.