Ẹní Méje ní Pálọ̀ Nọ́ọ̀sì

Olúwafúnkẹ́mi ọmọ mi,

Ilésanmí tíṣà tí ń gbé yàrá òkè ni ó ń bá mi kọ ìwé yìí. Ó jókòó sí ìta fèrèsé, èmi wà nínú ilé, nítorí àrùn tó gbòde, nítorí náà ibi tí o bá rí tí ọ̀rọ̀ ti fò, atẹ́gùn ló gbé e lọ. Onítìjú èèyàn ni. Mo ti sọ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì bò ó mọ́lẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ abẹ́ obìnrin ni mo fẹ́ sọ.

O kú iṣẹ́, o kú àìsùn. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí àrùn yìí mú ọ láti ọjọ́ yìí kò ní í gbàgbé rẹ lónìí. Ọwọ́ tí o fi ń gbẹ̀bí kò ní í gba òkú. Ṣe àmín kí o tó ka ìyókù.

Ara Olúwakóredé ọmọ rẹ le, ó ń jẹun, ó ń yàgbẹ́, kò béèrè rẹ púpọ̀. Láti ìgbà tí mo ti wá láti Ìkọ̀lé pé kí n bá ọ wò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ìjọba wá ti gbogbo títì, tí ọ̀nà há ọkọ rẹ mọ́ Àbújá, tí wọ́n sì ní kí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì máa sùn sí ọsibítù n'Íkẹjà, èmi ni mo di baálé ilé yín. Agége yìí ti dákẹ́ ju oko lọ. Tírènì kò kọjá mọ́, koríko ti ń hù láàárín irin, ewúrẹ́ kan sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń kàwé. Búrẹ́dì nìkan ni wọn kò tì. Òórùn rẹ̀ máa ń gba orí òrùlé wọlé láti ìdájí, á dà bí ẹni pé inú ààrò kan ṣoṣo ni gbogbo àdúgbò wà, tí a sì ń wú díẹ̀díẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo rí ọ tí ò ń rìn bọ̀ lórí irin rélùwéè nínú aṣọ funfun, o ru abọ́ abẹ́rẹ́ lórí, àwọn obìnrin tò tẹ̀lé ọ títí dé Ìjù. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ń kàn ló jí mi. N kò ka àlá sí, iyán ni mo jẹ tí kò tètè dà.

Àmọ́ obìnrin ló ń kan ilẹ̀kùn lóòótọ́, mẹ́jọ. Wọ́n ní ilé ìtọ́jú tí àwọn ti ń gba abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí wà ní títì, ọjọ́ àwọn sì ti ń pé, àwọn mọ̀ pé ilé nọ́ọ̀sì nìyí. Mo ní nọ́ọ̀sì wà n'Íkẹjà, àmọ́ ó ti sọ fún mi pé orí fóònù lòun ti ń tọ́jú àwọn obìnrin báyìí. Inú wọn dùn. Mo ní kí wọ́n fọ apá wọn, mo tò wọ́n sí kọ́rídọ̀, mo jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra bí rédíò ṣe wí, mo tẹ ibi tí o ní kí n máa tẹ̀, mo sì gbé fóònù lé apá ẹni àkọ́kọ́. Mo ń gbọ́ ariwo rẹ nínú rẹ̀ pé Màámi, etí ni, ẹ gbé e sí i létí. Mo ní n kò rí ibi tí wọ́n ti ń gún èèyàn nínú etí rí. Obìnrin yẹn ní òun gbọ́ tí nǹkan ń gbọ̀n lápá òun, bóyá ó ti wọlé.

Ìgbà yẹn lo sọ pé kí Ilésanmí bá wọn dáhùn ìwé orí fóònù, fọ́ọ̀mù tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé yẹn. Ó ní ìgbà wo ni obìnrin rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn. Ilésanmí ń kà á, ó ń wo ọ̀run. Èmi ni mo kọ́kọ́ dáhùn kí ojú má ti àwọn yòókù, mo ní ọdún tí wọ́n da ọ̀dà sí títì Ìkọ̀lé ni. Ó tún béèrè bóyá mo ṣì fẹ́ bímọ sí i. Mo bí mẹ́sàn-án, márùn-ún ló kù. Mo ní kó kọ rárá síbẹ̀, kó kọ ọ́ gàdàgbà.

Lẹ́yìn tí apá mẹ́jọ ti kan fóònù náà, mo rántí pé rédíò ní kí á máa fi ọṣẹ àti omi fọ ohun tí ọwọ́ púpọ̀ bá kàn. Mo fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́, mo fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, mo sá a sórí ìgànná. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ilésanmí ní ó ti kú. Ó mọ́, ṣá. Ìdí nìyẹn tí o fi ń rí ìwé.

Ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ kọ ọ́ ni Hassanat, ará ilé kejì, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ oníke ní Oregun kí wọ́n tó ní kí ó máa lọ sílé. Ìwọ lo gbẹ̀bí ọmọ rẹ̀ kẹrin lóṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn, tí ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀. Ó ní o sọ fún òun pé bí òun bá tún tètè lóyún, òun lè má dìde ńbẹ̀. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì ti kọjá. Kí n tó fọ fóònù, o ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣì wà lẹ́yìn ọjọ́ náà tí ó ṣì lè gbà á. N kò fọkàn tán oògùn tó ń dúró de èèyàn bí àlejò onísùúrù. Muhydeen ọkọ rẹ̀, ọkùnrin dáadáa ni, àmọ́ ó ti jókòó sílé láìníṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, o sì mọ ohun tí ìyẹn ń bí. Rọ́bà tí àwọn ọkùnrin ń wọ̀, ó ní òun dé ilé kẹ́mísì mẹ́ta, ó ti tán. Ilésanmí ń wúkọ́. Mo ti ní kó sún sẹ́yìn sí i, kó sì kọ rọ́bà.

Mo wá ṣe ohun tí ìyá ọkọ mi ṣe fún mi. Láyé tiwa, obìnrin tó bá ń fọ́mọ lọ́mú, yàrá ìyá ọkọ ló ń sùn títí ọmọ á fi rìn, ọkọ kò sì gbọdọ̀ jà sí i. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá Muhydeen wà, mo bá gba ipò rẹ̀. Mo tẹ́ ẹní fún Hassanat àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ní pálọ̀ rẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Muhydeen wá dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ìyàwó mi padà. Mo ní n kò jí i gbé. Mo ní ìyàwó tó wà láàyè lórí ẹní mi sàn fún un ju èyí tó wà ní sàréè lọ. Ó ní ṣé òun wá ni àrùn ni. Mo ní àrùn tí kì í jáde nílé ni. Hassanat bú sẹ́rìn-ín níbi tó wà, ó ní kí bàbá àwọn ọmọ lọ wẹ àwọn ọmọ. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó lọ wẹ̀ wọ́n. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láàárọ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ láàárín gíláàsì bí ẹni tí kò tíì fẹ́ra. Mo máa ń gbọ́ wọn lójú oorun. Ọ̀rọ̀ wọn kò nítumọ̀. Búrẹ́dì náà dára.

Àwọn yòókù gbọ́. Ẹní ti di méje ní pálọ̀ rẹ, ọkọ ẹnì kẹjọ há sí ìrìn-àjò bíi tìrẹ, kò nílò ẹní; mo ṣí gbogbo fèrèsé, mo sì ní kí wọ́n máa fi ìbòmú sùn. Lọ́sàn-án, bí oòrùn bá dà wọlé, gbogbo wọn á sùn, ọmọ láyà, àwọn ìbòmú á máa wú, á máa rọ̀, bí ohun tó wà nísàlẹ̀ odò. Àwọn ọkọ á rọ̀ mọ́ ọgbà níta, wọ́n á máa yọjú wò wọ́n. Àgbà ni mí, n kò lè di ọkọ méje mú títí.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. O ní abẹ́rẹ́ kékeré kan wà tí obìnrin lè fúnra rẹ̀ gún sí itan. Fi méje rán Felix, tí ń fi ọkọ̀ gbé búrẹ́dì wá sí ọsibítù yín, òun ni yóò mú ìwé yìí wá, ọlọ́pàá kì í dá a dúró. Kọ bí wọ́n ṣe ń gún un, ya itan sí i, Ilésanmí á kà á fún wọn, kó máa wo ọ̀run bó bá wù ú. Hassanat ti ń fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ gún ìbẹ́pẹ láti fi kọ́ ọwọ́. Lọ́jọ́ Ajé abẹ́rẹ́ ṣẹ́ sínú ìbẹ́pẹ. Lónìí ó wọlé tààrà. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù fún un nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn. Fi rọ́bà kún un fún àwọn ọkọ, fi ọṣẹ kún un, fi owó ẹja kún un fún èmi, nítorí àdúrà kọ́ ni mo fi ń bọ́ obìnrin méje. Fi fóònù mìíràn kún un, èyí tó lè wẹ̀.

Olúwa á dá ọ padà wálé pẹ̀lú ara tí o gbé jáde. Àwọn tí o gbẹ̀bí wọn á gbẹ̀bí fún àwọn ọmọ rẹ.

Ní ti àwọn tí wàá sọ fún: sọ fún ọ̀gá yín tó ń ṣọ́ àpótí abẹ́rẹ́ pé ìyá rẹ ló béèrè, kó má bá ọ wí. Má sọ fún Felix ohun tó wà nínú ẹrù, ẹnu rẹ̀ kò dúró. Hassanat fà mí láṣọ báyìí pé ẹnì kan ṣẹ́kù. Sùlíyá lorúkọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ilé iṣẹ́ mìíràn ní Oregun ló wà, níbi tí wọ́n ti ní kí òṣìṣẹ́ máa sùn sínú ọgbà títí ìlú á fi ṣí, òun àti ọkọ rẹ̀ pọ̀. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n gún àwọn méjèèjì, ọjọ́ mọ́kànlá náà ló kù fún un, kò sì sí ìyá kankan níbẹ̀ tó máa tẹ́ ẹní fún un. Ilésanmí fẹ́ pa méje rẹ́ lókè. Mo ní kó fi í sílẹ̀, kó kọ mẹ́jọ síhìn-ín. Ẹnu géètì wọn ni Felix ń gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Di tirẹ̀ lọ́tọ̀, kọ bí wọ́n ṣe ń gún un sí i, kí Felix fi lé e lọ́wọ́: Sùlíyá ni kí o kọ́kọ́ sọ fún.

Èmi ìyá rẹ ni.