Àwọn Tó Ń Gbé Inú Pápá Wa

Àbíkẹ́yìn mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àárẹ̀, mo kí ọ kú gbogbo àtẹ̀gùn tí ò ń gùn lójoojúmọ́ kí o tó dé yàrá rẹ. Ṣé ara le? Ṣé ikọ́ yẹn ti lọ? Ẹlẹ́dàá tó fi ọ́ ta mí lọ́rẹ kò ní gbà ọ́ lọ́wọ́ mi. Bí ìwé yìí bá bá ọ níbi iṣẹ́, má ṣí i níbẹ̀, mú un délé, bọ́ bàtà, jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń kà lóòró. Àlàáfíà ni a wà nílé. Ewúrẹ́ oníwo kan ti bí méjì. Káfíńtà ti kan òrùlé yàrá rẹ tó ń jò, àmọ́ ó gbàgbé òòlù rẹ̀ sókè, ó ní òun ń bọ̀ wá mú un, láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń gbọ́ tó ń yí gbirigbiri bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́. Orúnkún mi ọ̀tún ń dùn mí, ti òsì sì ń bá a kẹ́dùn.

Ọ̀rọ̀ fóònù ni kí n kọ́kọ́ sọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní inú ń bí ọ sí mi, pé mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sàn-án ọjọ́ tí àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, pé o pariwo hẹ́lò títí ọ̀fun rẹ fi gbẹ, mi ò dáhùn, o wá rò pé mo ti ṣubú síbì kan. Má bínú, ọmọ mi, mi ò ṣubú. Mo wà níbẹ̀, mo sì ń gbọ́ gbogbo hẹ́lò yẹn. Kì í ṣe ohùn tèmi ni mo fẹ́ kí o gbọ́. Inú pápá ni mo wà, mo da ojú fóònù délẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì bò ó kí afẹ́fẹ́ má baà dí ọ lọ́wọ́, kí o lè gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń mí. Ìwọ wá ń pariwo lé wọn lórí, wọn ò sì tíì jí tán. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kó lè yé ọ.

Ìwọ lo kọ̀wé nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn wọlé pé kí n ta pápá fún oníbúlọ́ọ̀kù, pé koríko lásán ni, pé kò sí ohun tó ń gbé ibẹ̀, pé kí n wá gba yàrá sí tòsí rẹ kí n yé dá gbé. Mo gbà. Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo gbà tọkàntọkàn. Ilẹ̀ tí ọkọ́ ò kàn rí, kí ni mò ń fi ṣe ju kí n máa gé koríko ibẹ̀ ta fún àwọn alágùntàn? Baba rẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ ebè kan ṣoṣo síbẹ̀ títí ó fi kú. Ohun tó máa ń sọ ni pé ká fi ilẹ̀ yẹn sílẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Mo ní iṣẹ́ kí ló ń ṣe? Ọ̀lẹ ni mo máa ń pè é, ogójì ọdún gbáko ni mo sì fi pè é bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí ìwé rẹ dé náà ni ọmọbìnrin kan wá láti ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó bẹ̀ mí pé òun fẹ́ bu yẹ̀pẹ̀ nínú pápá. Oníyẹ̀pẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é báyìí, ó sì ń jẹ́ ẹ. Mo bi í pé ṣé ilé ló fẹ́ mọ. Ó ní rárá, ìwọ̀nba ṣíbí bíi mélòó kan ti tó òun. Ó fi páìpù kékeré gún ilẹ̀, ó fà á yọ, ó da yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò bíńtín, ó wá gbé ìgò náà sínú kúlà tí yìnyín kún inú rẹ̀. Mo ní kí ló dé, ṣé ibà ń ṣe yẹ̀pẹ̀ ni. Ó ní àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ni òun ń tọ́jú. Ó ní ẹ̀dá abẹ̀mí ni wọ́n, ojú lásán ò lè rí wọn, àmọ́ àwọn tó wà nínú ṣíbí tíì kan péré lè pọ̀ ju gbogbo ènìyàn ìlú tí ìwọ ń gbé lọ. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo wo ibi tí mo dúró sí, mo wo ẹsẹ̀ ara mi, mo rọra bọ́ bàtà.

Ilẹ̀ ti sán nígbà yẹn, koríko ti gbẹ kangbọn. Mo wá bi í pé kí ni àwọn ẹni ẹlẹ́ni ń mu. Ó ní bí omi bá ti ń tán nínú ilẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn á káwọ́ kásẹ̀, wọ́n á fi awọ tó nípọn bo ara bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n á sùn. Àwọn kan wà tí wọ́n rí bí òwú, ẹbí olú ni wọ́n, àwọn yẹn máa ń na ara wọn gba abẹ́ ilẹ̀ kiri lọ wá omi níbi tó jìnnà, bí ọkọ́ bá sì gba ibẹ̀ kọjá, gbogbo òwú yẹn á já. Àwọn tó sùn ò jẹ, wọn ò mu, wọn ò bímọ, ẹni tó bá rí wọn á ní wọ́n ti kú. Ó ní wọn ò kú, òjò ni wọ́n ń retí. Ọmọ mi, orí mi wú. Ogójì ọdún ni mo ti ń kọrin kọjá lórí wọn, tí mò ń ju ìdì koríko sílẹ̀ gbì, tí ọmọlọ́mọ ń sùn. Mo ti kìlọ̀ fún alágùntàn tó máa ń súfèé pé kó lọ máa súfèé rẹ̀ ní títì. Nígbà tí Oníyẹ̀pẹ̀ fẹ́ gbé kúlà lọ, mo bi í pé ìgbà wo ló máa dá wọn padà, pé bí ẹnì kan bá jí nínú wọn tí kò mọ ibi tí òun wà ńkọ́. Kò rẹ́rìn-ín, ó ní òun á mú ìyókù wọn padà wá.

Ó sì mú wọn padà wá lóòótọ́. Ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú ló dé, a da àwọn tó ṣẹ́kù nínú ìgò sínú ihò tó ti bù wọ́n, mo kí wọn kú àbọ̀. Ó wá da ike kan délẹ̀, ó fi rọ́bà so ó mọ́ àpótí kékeré kan tó ń gbé nọ́ńbà jáde, ó ní èémí wọn ni àpótí náà ń kà. Nọ́ńbà yẹn kéré, kò kúrò lójú kan. Òjò bá dé. Kò pọ̀, kò ju ìwọ̀n tí ènìyàn lè fi ṣan ẹsẹ̀. Kí n tó ká aṣọ lórí okùn tán kí n padà débẹ̀, nọ́ńbà ti di ìlọ́po méjì, ó di mẹ́ta, ó di mẹ́wàá, ó ṣì ń lọ. Mo ní ṣé ká sáré pe nọ́ọ̀sì, nítorí ẹni tó bá ń mí báyẹn ní ọsibítù, wọn kì í fi í sílẹ̀. Ó ní jíjí ni wọ́n ń jí, wọ́n ń jẹun. Ó ní omi tó dé lójijì pa àwọn kan nínú wọn, àwọn yòókù ń jẹ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀, èyí tó bá ṣẹ́kù ni koríko máa fi hù, koríko náà á sì fi gbòǹgbò fún wọn lóúnjẹ títí òjò á fi lọ. Òórùn ilẹ̀ tí àkọ́rọ̀ òjò máa ń gbé dìde, èyí tó máa ń mú ọ lá ilẹ̀ nígbà tí o wà ní kékeré tí mo sì máa ń nà ọ́ lé e lórí, ó ní àwọn kan nínú wọn ló ni ín. Dákun foríjì mí fún ẹgba yẹn. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mi ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi. Ìgbà náà ni mo pè ọ́. Bí mo ṣe dìde níbẹ̀, sàréè baba rẹ ni mo lọ, mo tọrọ àforíjì ogójì ọdún.

Ó wá ku fọ́ọ̀mù títa ilẹ̀ tí o fi ránṣẹ́. Wọ́n bèèrè níbẹ̀ pé ṣé ilẹ̀ náà ṣófo ni àbí àwọn kan ń gbé ibẹ̀. Mi ò lè purọ́ sórí ìwé ìjọba. Mo kọ ọ́ pé wọ́n ń gbé ibẹ̀. Wọ́n ní ẹni mélòó, Oníyẹ̀pẹ̀ bá mi ṣe ìṣirò, òdo rẹ̀ ò gba inú àyè tí wọ́n fi sílẹ̀, a kọ ọ́ yí etí ìwé po. Wọ́n ní kí ni iṣẹ́ wọn, mo kọ àgbẹ̀. Wọ́n ní ìgbà wo ni wọ́n ti débẹ̀, mo kọ ọ́ pé kí baba ńlá baba rẹ tó dé. Wọ́n ní ṣé wọ́n mọ̀ pé a fẹ́ tà á, mo kọ ọ́ pé rárá, wọ́n ń sùn nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé. Akọ̀wé ilẹ̀ tí a ń pè ní Baba Òǹtẹ̀ kà á, ó bọ́ jígí ojú, ó nù ún, ó tún un kà. Ó bi mí pé ṣé wọ́n ń san owó ilé. Mo ní koríko ni wọ́n fi ń san án, wọn ò sì jẹ mí rí. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, òfin ni òfin, ilẹ̀ tó bá ní ayálégbé, ẹni tó bá fẹ́ tà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún wọn ní òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan, kí ọmọ onílẹ̀ sì wá fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Ó lu òǹtẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí oníbúlọ́ọ̀kù rí iye òdo yẹn, ó bi mí pé ibo ni òun fẹ́ kó gbogbo wọn sí. Ó ní ọjọ́ tí ìwọ bá fọwọ́ sí i ni kí n tó ránṣẹ́ pe òun.

Àyè ìfọwọ́sí rẹ ṣì ṣófo, ọmọ mi. Mi ò ní fipá mú ọ. Àmọ́ láti ìgbà tí baba rẹ ti lọ, gbogbo fọ́ọ̀mù tí wọ́n bá ti bi mí pé ẹni mélòó la wà nílé, oókan ni mo máa ń kọ, ó sì ti sú mi. Lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ ro mí níbi tí mo ti ń kọ òdo. Ẹ̀ẹ̀rùn márùn-ún ti kọjá tí o ò ti délé. Àwọn ẹbí ní o ti gbàgbé wa, èmi náà sì ti ń rò ó bẹ́ẹ̀, mo máa ń sunkún lé e lórí. Mi ò rò ó mọ́. Mo ti mọ̀ báyìí pé ilẹ̀kùn lo tì mọ́rí, pé ibẹ̀ yẹn ló gbẹ fún ọ.

Jọ̀wọ́ fi owó ìpara orúnkún ránṣẹ́, kí o sì fi owó ọkọ̀ kún un. Kì í ṣe pé mo fẹ́ wá. Tó bá ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, màá dì í dáadáa, màá fi rán awakọ̀ padà sí ọ, kí o fi wọkọ̀ wálé, kí o má baà sọ pé kò sí owó ọkọ̀. Wá nígbà tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Gbé etí lé ilẹ̀, lẹ́yìn náà fọwọ́ sí ibi tó bá wù ọ́.

Òjò tó ń jí ẹni tó sùn kò ní fò ọ́ dá. Ibi tí o bá tẹ̀, ilẹ̀ á gbà ọ́. O ò ní gbẹ, o ò ní já, èmi ni màá sì rí ọ kí n tó lọ.

Èmi ni ìyá rẹ.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Bí fóònù bá tún dún tí o ò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, má pa á. Ilẹ̀ ni mo gbé e lé.