Má Dá Nìkan Dán Ẹ̀rọ Wò

Abúlé Òkè-Awẹ́,
Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ Àlàrùba.

Hàmdálàt ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Mo kí ọ, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbélé ní Agége, mo kí ọ̀gá rẹ ní Òrégùn. Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí a fi igbe ké pe ara wa. Ara mi le, ara ìyá rẹ náà le, àfi orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún tó bá fẹ́ dìde. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ewúrẹ́ rẹ sì ti bí ọmọ méjì, akọ kan, abo kan.

Ọ̀rọ̀ tí o bá wa sọ lórí fóònù ni kò jẹ́ kí n sinmi. O ní láàpútọ́ọ̀pù rẹ ń falẹ̀, pé àwòrán ilé tí o ń yà fún àwọn ọ̀gá rẹ máa ń pẹ́ kó tó jáde, bẹ́ẹ̀ ìparí oṣù ni wọ́n máa yan ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà síṣẹ́ pátápátá. O ní o ti fi kún eré ibi tó ń yàwòrán nínú rẹ̀, kọjá ibi tí àwọn tó ṣe é fi í sí, àti pé lọ́jọ́ Sátidé wàá dán an wò fún wákàtí mẹ́fà bóyá yóò dúró tàbí yóò kú.

O tún ní ooru rẹ̀ ń dé mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Mo lọ bá Nọ́ọ̀sì Uswat ní ilé ìwòsàn wa. Ó ní ẹni tí ooru ara rẹ̀ bá ti lé ní ogójì, kí wọ́n tètè máa gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní tiwa ti lé ní ìlọ́po méjì ìyẹn. Ó béèrè ẹni tó ń ṣàìsàn, mo ní láàpútọ́ọ̀pù ọmọ mi ni. Ó wò mí títí, kò sì fún mi lóògùn. Ìyá rẹ wá se àgbo ibà sínú ike, awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá ló gbé e dání. Má dà á sínú rẹ̀ o, mo mọ̀ pé omi àti iná kì í ṣọ̀rẹ́. Ṣáà máa ki aṣọ bọ inú àgbo náà, kí o fi nu ẹ̀yìn láàpútọ́ọ̀pù.

Òrùka onírun tí o ní o máa fi dán an wò, tí yóò máa yí lójú rẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà náà, ń ṣe mí láàánú. Mi ò mọ irú ẹranko tó jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀dá Ọlọ́run ni. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ pàápàá ń sinmi. Jẹ́ kó jẹun kó tó bẹ̀rẹ̀.

Hàmdálàt, ohun tó kàn yìí kò ṣeé sọ lórí fóònù, nítorí ìyá rẹ kì í jìnnà sí mi. O mọ̀ pé ẹ̀rọ tí mo fi ń rin gbágùúdá ni mo tà tí a fi ra láàpútọ́ọ̀pù náà. O kò mọ bí ìka mi méjì ṣe lọ. Mo sọ fún gbogbo yín pé bẹ́líìtì ló já. Irọ́ ni. Lọ́dún tí o fẹ́ ṣe ìdánwò yunifásítì, gbágùúdá pọ̀ nílẹ̀, ẹ̀rọ ń falẹ̀, mo bá fi wáyà so ohun tó ń ká eré rẹ̀ lọ́wọ́ kò. Ó sáré lóòótọ́. Títí di ọ̀sán ni mo ń dúpẹ́. Ìgbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, èmi nìkan ni mo wà nídìí rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò pa á, mo bá na ọwọ́ sí i. Ojú tì mí láti sọ ọ́, torí bàbá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún mi pé, "Èèyàn kì í dá nìkan dán ẹ̀rọ wò. Bí ẹnì kan bá ń wò ó, kí ẹnì kejì dúró ti ibi tí wọ́n ti ń pa á."

Mi ò ní kí o má ṣe é. Mo mọ bó ṣe ń rí kí iṣẹ́ pọ̀ kí ẹ̀rọ má sáré. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Jọ̀wọ́, sún un sí Sátidé tó tẹ̀lé èyí tí o dá, oṣù kò ní tíì parí, kí o sì fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Fi díẹ̀ kún un fún oògùn orúnkún ìyá rẹ, òun ló ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ gba ọwọ́ lára rẹ. Wàá rí iṣẹ́ náà gbà, wàá sì fi ara líle jẹ ẹ́. Tí mo bá dé, ìwọ máa wo òrùka onírun rẹ, èmi yóò dúró ti ibi tí wọ́n ti ń pa á. Ìka mẹ́jọ tó kù tó fún ìyẹn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Nùréènì.