Èmi Ni Mo Kun Aago Bàlúù Kápítéènì Amparo

                                        Ẹ̀yìn Pápákọ̀ Òfúrufú,
                                        Sibulan, lẹ́bàá Dumaguete.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Karùn-ún, ọdún 2018.

Selmo, ọmọ àbúrò ìyá mi, ẹnì kejì mi,

Bẹ́ẹ̀ ni o, èmi gan-an ni! Gbogbo ohun tí màmá mi pè ọ́ sọ, òótọ́ ni, kódà wọn ò tíì sọ ọ́ tán. Èmi Teodulo tí mo sá kúrò níléèwé, èmi ni mo gba orí òrùlé wa kọjá nínú bàlúù, tí adìyẹ Àǹtí Pasing ń forí gbára wọn. Káwọn tó ń pè mí ní akunfẹ́ńdà wá wò mí báyìí!

Ó yá, jẹ́ n kí ẹ kó o tó ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Cebu ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ sùn? Èjìká tó ń dùn ẹ́ níbi tẹ́ ẹ ti ń rẹrù ní èbúté, ṣé ó ti fúyẹ́? Ara tèmi le bí ọta, ẹnu mi ló fẹ́ ya fún ẹ̀rín.

O mọ̀ pé jípìnì akérò ni mò ń kùn tẹ́lẹ̀: àkùkọ, Màríà Mímọ́, iná tó ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńdà. Ibẹ̀ ni Ọ̀gá Rufino, mẹkáníìkì bàlúù, ti rí ọwọ́ mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ de fáànù tuntun síwájú bàlúù kékeré tí Kápítéènì Amparo ń wà. Ìwé tó bá fáànù náà wá ní kí ẹ́ńjìnnì má ṣe dúró sórí yíyí láàárín 2000 sí 2250 ní ìṣẹ́jú kan. Kó yára gba ibẹ̀ kọjá ni. Mo ní kí ló fà á. Ọ̀gá fi ṣíbí gbá ife tíì wọn, ife ń ké wíín.

“Ṣó o gbọ́? Gbogbo irin ló níbi tó ti máa ń gbọ̀n. Tí ẹ́ńjìnnì bá yí débẹ̀, fáànù á máa gbọ̀n nínú ara ẹ̀, ojú ò ní rí i. Irin á rẹ̀, á sán, ṣóńṣó ẹ̀ á já dànù lókè.”

“Tó bá já ńkọ́, Ọ̀gá?”

“Ẹ́ńjìnnì á tẹ̀ lé e. Ìwọ náà á tẹ̀ lé ẹ́ńjìnnì.”

Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi ọ̀dà pupa sàmì síbi burúkú yẹn lórí gíláàsì aago tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ Ọ̀gá sì ti ń gbọ̀n ju fáànù lọ, ni wọ́n bá pè mí. Wọ́n ní tí iṣẹ́ náà bá dáa, Kápítéènì á gbé mi lọ sílé fún ọdún ẹni mímọ́ ìlú wa, màá sì di ọmọṣẹ́ wọn gidi. Tí ò bá dáa, kí n padà sídìí fẹ́ńdà.

Selmo, mo kùn ún! Ìlà pupa náà tẹ̀ kọrọdọ bí ètè ọmọge. Kápítéènì ní, “Ta ló ya èyí? Ó ń ṣe mí bíi kí n fẹnu kò ó.” Mo ní, “Ẹ fẹnu kò ó, mà, ọ̀dà ti gbẹ.” Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, mo tún fi aṣọ nù ún yípo yípo títí ó fi ń dán gbinrin.

A gbéra. Yéè! Òkun dà bí aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn. Mò ń pariwo, Kápítéènì ní, “Teodulo, pa ẹnu ẹ dé, kí àwọsánmà má kó sí i.” Nígbà tá a dé Siquijor, tá a yọ sí orí ilé wa, wọ́n rẹ ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí n lè ríran dáadáa, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa mi, kò kàn án. À ń yí po. Màmá mi ń fi aṣọ tí wọ́n ń fọ̀ jùwọ́. Àǹtí Pasing ń sáré lé adìyẹ!

Àtẹ́lẹsẹ̀ mi wá ń rìn mí nínú bàtà.

“Ṣé ìwọ lò ń gbọ̀n báyìí?”

“Ayọ̀ ni, mà.”

“Ayọ̀ wo? Ẹsẹ̀ tèmi náà ń gbọ̀n.”

Wọ́n fìka kan gíláàsì aago. Ọ̀rẹ́, gíláàsì yí, ètè pupa mi sì bá a yí! Ibi burúkú yẹn gan-an la ti ń jó látìgbà yẹn. Wọ́n tẹ ẹ́ńjìnnì sókè kíá, gbígbọ̀n dáwọ́ dúró, a sì balẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Màmá mi ní ayọ̀ àyọ̀jù làkèré fi ń ṣẹ́ nítan, wọ́n sì bu ẹlẹ́dẹ̀ sísun fún mi.

Ọ̀gá wọkọ̀ ojú omi wá tú fáànù. Ọkọ̀ tó gbé lẹ́tà yìí ló gbé e bọ̀ ní Cebu, kí àwọn tó ń yẹ irin wò lè mọ̀ bóyá ó ti sán. Tó bá mọ́, iṣẹ́ mi dúró. Tó bá sán, fẹ́ńdà ń pè mí. Jọ̀ọ́, tó o bá rí àpótí gígùn tí mo ya àkùkọ sí lára ní èbúté, gbé e bí ẹni gbé ẹyin.

Bá mi kí ìyàwó, fẹnu ko ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́, kí o sì sọ fún gbogbo ará ibi iṣẹ́ yín pé ìbátan ẹ ti fò.

O ò ní ṣàì bi mí pé báwo ni gíláàsì ṣe yí lábẹ́ aṣọ tí mo fi nù ún tẹ́nì kankan ò mọ̀. Ọ̀gá ti ní kí n fa ìlà funfun kan láti orí gíláàsì bọ́ sórí irin etí aago, pé tí gíláàsì bá yí, ìlà á já sí méjì, ojú á rí i. Ìgbà tí wọ́n dé, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni, “Ìlà funfun dà?”

Ìlà tí ò gùn ju hóró ìrẹsì lọ. Mo rò pé á ba ètè pupa mi jẹ́. Mi ò fà á.

Èmi tìrẹ náà ni, lókè àti nílẹ̀,
Teodulo